Ṣé ọ́dà ti wọlé? Ọ̀nà tí mò ń gbà so kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ méjì pọ̀

Bí ilé ìtajà ńlá kan ní Èkó bá gbà pé òun á máa ra gàrí àti èlùbọ́ tí ẹ ń dì sínú ọ̀rá, inú gbogbo ọ́fíìsì á dùn. Lẹ́yìn náà ni ímeèlì á wá dé pé àwọn kì í gba ìńfọ́ìsì orí bébà, àwọn kì í sì í ra ọjà lórí WhatsApp. EDI làwọn ń lò. Ọ̀gá á pe ọmọ tó bá mọ kọ̀ǹpútà jù nínú yín, á ní, "Bá wa so ó mọ́ tiwọn, ó tán." Ìgbà tí ọmọ náà bá wò ó títí tí kò rí ibi tó máa ti dì í mú ni wọ́n máa ń pè mí. Ìbàdàn ni mo fi ṣe ibùjókòó, àwọn tí mò ń bá ṣe é sì wà ní Ìbàdàn níbí, ní Èkó àti ní Kútọnu. Oúnjẹ àti ọṣẹ ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń tà.

EDI ò ju pé kí kọ̀ǹpútà tiwọn fi ọ́dà ránṣẹ́ tààrà sí kọ̀ǹpútà tiyín, kí tiyín náà fi ìńfọ́ìsì dá a lóhùn, láìsí ẹni tó ń jókòó tẹ nọ́mbà láti inú ìwé kan sínú ìkejì. Kí wọ́n lè gbọ́ra wọn yé ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe gbé ìlànà kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní UN/EDIFACT. ISO, àjọ tó ń gbé ìlànà kalẹ̀ fún gbogbo ayé, fọwọ́ sí i ní 1987, ó fún un ní nọ́mbà 9735. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní tiwọn, X12. Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ orí wọn mú yín fojú di wọ́n. Títí di òní, bí ẹ bá rí ọ́dà ilé ìtajà ńlá, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí D:96A níbẹ̀, ìyẹn ẹ̀dà ti 1996, iṣẹ́ ló sì ń ṣe.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìnà ni pé wọ́n rò pé bí àwọn bá ti jọ ń lo EDIFACT, ọ̀rọ̀ ti parí. Kò tíì bẹ̀rẹ̀ ni. Oríṣi ìwé tó wà nínú EDIFACT lé ní 150, ìwé ọ́dà nìkan sì ní àyè tó pọ̀ débi pé kò sí ilé-iṣẹ́ kan tó ń kún gbogbo rẹ̀. Kálukú á mú èyí tó wù ú. Ilé-iṣẹ́ méjì lè tẹ̀ lé ìlànà láì yẹ ẹsẹ̀ kí wọ́n má sì gbọ́ ara wọn. Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rárá, ẹ béèrè ohun méjì lọ́wọ́ wọn: ìwé tí wọ́n fi ṣàlàyé bí àwọn ṣe ń lo ìlànà náà, àti ẹni tó máa gbé fóònù bí ẹ bá pè.

Ẹni tó máa gbé fóònù yẹn, ẹ jẹ́ kó jẹ́ méjì. Ọ̀kan láti ẹ̀ka kọ̀ǹpútà, ìkejì láti ibi tí wọ́n ti ń gba ẹrù. Èmi kì í gba iṣẹ́ tí wọn ò bá ti jẹ́ kí n bá ẹni tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà sítọ́ọ̀ sọ̀rọ̀. Ọmọ kọ̀ǹpútà á sọ fún yín pé àyè fún ọjọ́ ìfijíṣẹ́ wà nínú fáìlì. Ẹni tó ń gba ẹrù ló mọ̀ pé lẹ́yìn aago méjìlá ọ̀sán, wọn kì í ṣí gééètì fún ọkọ̀ kankan, àti pé bí nọ́mbà ọ́dà ò bá sí lára páálí, wọ́n á dá ọkọ̀ padà. Ẹ ò ní rí ìyẹn nínú ìwé ìlànà kankan.

Tábìlì ni iṣẹ́ náà gan-an

Mo máa ń ṣí Excel, mo máa ń ṣe tábìlì kan. Ní òpó àkọ́kọ́, orúkọ tí àwa ń pe nǹkan náà. Ní ìkejì, ibi tó wà nínú ètò tí a fi ń ṣe ìṣirò ọjà àti owó tiwa, bóyá Sage ni tàbí Odoo. Ní ìkẹta, ibi tó máa wà nínú fáìlì tí a ń fi ránṣẹ́. Ní ìkẹrin, ohun tí àwọn ń pè é. Lẹ́yìn ìyẹn, ṣé dandan ni àbí kò pọn dandan, ìwọ̀n lẹ́tà tó lè gbà, àti àpẹẹrẹ gidi kan. Òpó àpẹẹrẹ yìí ni mo kà sí jù. Ẹni méjì lè fẹnu kò pé "iye ọjà" ni kí àwọn kọ síbẹ̀. Ẹ ní kí kálukú kọ àpẹẹrẹ tirẹ̀, ẹ ó rí i bóyá ohun kan náà ló wà lọ́kàn wọn.

Nígbà tí tábìlì bá pé, kí ẹgbẹ́ méjèèjì buwọ́ lù ú. Bẹ́ẹ̀ ni, ìbuwọ́lù, pẹ̀lú déètì. Ọ̀dọ́ tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà máa ń rẹ́rìn-ín sí èyí, ṣùgbọ́n bí ìjà bá dé ní oṣù kẹfà, bébà yẹn ni a máa ń fà yọ.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ tábìlì yín láti orí nọ́mbà ọjà. Orúkọ ọjà ò ṣeé gbára lé. "Èlùbọ́ iṣu 1kg", "Elubo 1000g" àti "Yam flour" lè jẹ́ ọjà kan ṣoṣo, kọ̀ǹpútà ò mọ̀. Nọ́mbà GTIN tó wà lábẹ́ báákóòdù ni kí ẹ lò, ọ̀dọ̀ GS1, àjọ tó ń pín nọ́mbà báákóòdù, ni wọ́n sì ti ń gbà á. Nọ́mbà tí GS1 Nàìjíríà bá fúnni máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 615. Irú àjọ kan náà ló ń fúnni ní GLN, nọ́mbà 13 tó ń tọ́ka sí ibì kan: ọ́fíìsì, sọ́ọ̀bù, tàbí sítọ́ọ̀. Bí ilé ìtajà bá ní ẹ̀ka káàkiri, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní GLN tirẹ̀ nínú tábìlì yín.

Nọ́mbà tó kẹ́yìn GTIN wà fún ìdánwò, ẹ sì lè fi ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ jẹ́ ká mú nọ́mbà àfiṣàpẹẹrẹ yìí: 615100234567, tó ku ẹyọ kan kó pé 13. Láti apá òsì, ẹ ro èyí tó wà ní ipò kìíní, ìkẹta, ìkarùn-ún títí lọ pọ̀: 6, 5, 0, 2, 4, 6, ó jẹ́ 23. Ẹ ro àwọn tó kù pọ̀: 1, 1, 0, 3, 5, 7, ó jẹ́ 17, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, 51. Àpapọ̀ 74. Ohun tó kù kó pé 80 ni 6, nítorí náà 6151002345676 ni nọ́mbà náà. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti kó gbogbo nọ́mbà ọjà sínú Excel tí Excel sọ ọ́ di 6.151E+12, tí wọ́n sì fi pamọ́ bẹ́ẹ̀. Ìṣirò kékeré yìí ló máa tú irú rẹ̀ fó kó tó dé ọ̀dọ̀ oníbàárà.

Lẹ́yìn nọ́mbà ọjà ni ìwọ̀n, ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò. Ọ́dà wọlé pé 40. Ogójì kí ni? Bí ọ̀rá 12 bá wà nínú páálí kan, 40 lè jẹ́ ogójì ọ̀rá, ó sì lè jẹ́ 480. Ẹni tó bá ti ra gàrí ní ọjà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mọ̀ pé kọ́ńgò kì í dọ́gba, àti pé ìyá ọlọ́jà kò purọ́: kọ́ńgò tirẹ̀ ló fi wọ̀n ọ́n. Ọ̀nà tó dára jù ni kí páálí ní GTIN tirẹ̀, kí ọ̀rá náà ní tirẹ̀; nígbà yẹn 40 ò ní ìtumọ̀ méjì mọ́. Bí oníbàárà ò bá gbà, ẹ jẹ́ kí òṣùwọ̀n hàn nínú QTY, ìlà tó ń sọ iye ọjà, fúnra rẹ̀, kí ẹ sì kọ iye ọ̀rá tó wà nínú páálí sínú tábìlì.

Ọ̀rọ̀ owó náà ní ẹ̀gún tirẹ̀. Náírà ní kọ́bọ̀, nínú ìlànà ISO 4217 ó ní ipò méjì lẹ́yìn ojú àmì. Owó sẹfà tí wọ́n ń ná ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, XOF, kò ní nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ètò kan sì wà tí kì í fi ojú àmì ránṣẹ́ rárá; wọ́n á kọ 150000, kí ẹni tó gbà á fúnra rẹ̀ mọ̀ pé 1,500 náírà ni. Bí ètò yẹn bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìńfọ́ìsì Kútọnu, ẹ ti fi ọgọ́rùn-ún pín owó yín nìyẹn. Ẹ kọ NGN tàbí XOF sára gbogbo iye owó, kódà bí ó bá dà bí ẹni pé gbogbo ayé mọ̀ ọ́n.

VAT ńkọ́? Ó jẹ́ 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní Nàìjíríà, 18 ní Bẹ̀nẹ̀. Ẹ fẹnu kò lórí bóyá ìlà kọ̀ọ̀kan lẹ ó ti máa ṣe é, tàbí lórí àpapọ̀. Ẹ wo ìńfọ́ìsì ọṣẹ oríṣi mẹ́ta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 333.30 náírà. Bí a bá ṣírò rẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, 24.9975 ni, tó máa di 25.00, mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 75.00. Bí a bá ṣe é lórí àpapọ̀ 999.90, ó jẹ́ 74.99. Kọ́bọ̀ kan péré, ṣùgbọ́n ètò tó ń yẹ ìńfọ́ìsì wò ò mọ "péré". Á dá a padà, àkáǹtì yín á sì máa dúró de owó. Gàrí ní tirẹ̀, oúnjẹ ni, ìjọba kì í bu VAT lé e ní Nàìjíríà, nítorí náà ipò owó orí gbọ́dọ̀ wà lára ìlà ọjà kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ní ìsàlẹ̀ ìńfọ́ìsì nìkan.

Déètì ò gbà wá lákòókò. 03/04 lè jẹ́ oṣù kẹrin, ó lè jẹ́ oṣù kẹta. EDIFACT ti yanjú rẹ̀: DTM+2:20250314:102 túmọ̀ sí pé kí ọjà dé ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2025, 102 yẹn ló ń sọ bí a ṣe to nọ́mbà náà. Bí aago bá wà níbẹ̀, ẹ rántí pé Kútọnu àti Èkó ń lo aago kan náà, ṣùgbọ́n Lomé fi wákàtí kan wà lẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ Ilé-Ifẹ̀

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí àwa tí à ń kọ Yorùbá fara balẹ̀ kà, torí àwọn tó kọ ìwé ìlànà ò ronú kàn wá. Ẹ wo àwọn ìlà mẹ́ta yìí láti inú ọ́dà kan:

NAD+DP+6151002000018::9++SOOBU KETA+LAGERE+ILE-IFẸ'
LIN+1++6151002345676:EN'
QTY+21:40'

NAD+DP ni ibi tí ẹ ó gbé ẹrù lọ. LIN ni ọjà, QTY+21 ni iye tí wọ́n béèrè. Àmì + ló ń ya àyè kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, àmì ' ló ń parí ìlà. Àmì ìbéèrè, ?, ní iṣẹ́ tirẹ̀: ó ń sọ pé kí ẹni tó ń kà á má ka àmì tó tẹ̀ lé e sí àmì ìlànà, lẹ́tà lásán ni. Bí sọ́ọ̀bù kan bá ń jẹ́ Tolu's, Tolu?'s la ó kọ.

Ó dára. Ètò tó ń kọ fáìlì yìí ń lo oríṣi lẹ́tà tí EDIFACT ń pè ní UNOC. Lẹ́tà àwọn ará ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù ló wà nínú rẹ̀: é wà, ò wà, ṣùgbọ́n ẹ, ọ àti ṣ ò sí. Kí ni ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà máa ń ṣe bí ó bá bá lẹ́tà tí kò mọ̀ pàdé? Á fi àmì ìbéèrè rọ́pò rẹ̀. ILE-IFẸ' á di ILE-IF?'. Àmì ìbéèrè yẹn á wá pa àmì tó yẹ kó parí ìlà. Ìlà ibi ìfijíṣẹ́ á rìn wọnú ìlà ọjà, LIN á di ara orúkọ ìlú, ọjà àkọ́kọ́ nínú ọ́dà á sì pòórá. Bí ètò tó ń gbà á bá jẹ́ onílàákàyè, á dá gbogbo rẹ̀ padà. Bí ó bá jẹ́ onírọ̀rùn, á gba ìyókù, á ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan kan, ọkọ̀ yín á sì dé Ifẹ̀ láìsí èlùbọ́.

Ohun tí mo máa ń ṣe nìyí. Orúkọ tó pé, tòun ti àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀, wà nínú ètò tiwa, níbi tí èèyàn ti ń kà á. A kì í ba orúkọ ẹni jẹ́. Ṣùgbọ́n kí fáìlì tó jáde, ètò tiwa fúnra rẹ̀ á sọ ẹ di e, ọ di o, ṣ di s, á sì yọ àmì ohùn kúrò, kí ó má baà ku ohun tí ètò ẹlòmíì máa fi àmì ìbéèrè rọ́pò. Ẹ̀rọ tó ń gba ọjà ò sì gbọ́dọ̀ fi orúkọ ìlú ṣe ìpinnu, GLN ni kó máa wò. Bí oníbàárà bá gba UTF-8, ọ̀nà ìkọ̀wé kọ̀ǹpútà tó gba gbogbo lẹ́tà wa, ẹ lè fi gbogbo àmì ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ wo ìwọ̀n àyè: ẹ́ kò ní nọ́mbà kan ṣoṣo nínú Unicode, àkójọ tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́mbà, ẹ àti àmì òkè ni wọ́n so pọ̀, báìtì márùn-ún ló sì ń gbà. Àyè orúkọ nínú EDIFACT jẹ́ lẹ́tà 35, àwọn ètò kan sì ń ka báìtì dípò lẹ́tà. Wọ́n á gé orúkọ èèyàn láàárín.

Ẹ tún lo UNT. Ìlà tó parí ọ́dà ni, ó sì ń sọ iye ìlà tó yẹ kó wà. Bí ìlà méjì bá ti wọnú ara wọn, iye tí ẹ kà á yàtọ̀ sí iye tó wà nínú UNT. Ó máa ń yà mí lẹ́nu bí àwọn tó ń kọ ètò ṣe máa ń pa àyẹ̀wò yìí tì, nígbà tó jẹ́ pé kíkà lásán ni.

Bí fáìlì á ṣe rìn

Èyí rọrùn ju bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ lọ. Èyí tó wọ́pọ̀ láàárín ilé ìtajà ńlá ni AS2, tí Walmart gbé lárugẹ nígbà tó ní kí àwọn tó ń kó ọjà wá bá òun máa lò ó ní 2002. Ó ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ń ti fáìlì pa, ó ń buwọ́ lù ú. Ohun tó nílò ni sáfà tó wà lójúfò tọ̀sán-tòru. Ẹ wo iná tó wà ládùúgbò yín, kí ẹ sì dá ara yín lóhùn. Mo máa ń ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ kékeré háyà sáfà níta tàbí kí wọ́n gba ọ̀dọ̀ àwọn alágbàtà tó ń bá ni gbà á tí wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀. Bí oníbàárà bá gba SFTP, ọ̀nà mìíràn tí a fi ń gbé fáìlì láìséwu, ìyẹn náà tó.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí ni ìdáhùn. Ìdáhùn mẹ́ta ló wà, wọ́n ò sì jọra. MDN ti AS2 ń sọ pé fáìlì dé, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án lójú ọ̀nà. CONTRL ń sọ pé a rí i kà. ORDRSP ló ń sọ pé a máa kó ọjà náà wá, tàbí pé 30 la ní dípò 40. Oníbàárà tó bá rí MDN tó sì kà á sí ìlérí á máa retí ọkọ̀ tí kò ní dé. Ẹ kọ ọ́ sínú tábìlì: bí ORDRSP ò bá dé láàárín wákàtí tí a fẹnu kò sí, ta ni máa pe ta ni?

Bí ìdáhùn ò bá dé, ètò wọn á tún ọ́dà náà fi ránṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí ètò tiyín máa wo nọ́mbà ọ́dà tó wà nínú BGM, ìlà tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ́dà, pẹ̀lú àmì tó tẹ̀ lé e: 9 ni ọ́dà tuntun, 5 ń rọ́pò èyí tó ti wà, 1 ń fagi lé e. Ọ́dà tuntun tó ní nọ́mbà tí ẹ ti gbà tẹ́lẹ̀, kó má ṣe di ẹrù méjì.

Ní ti ìdánwò, àyè wà ní ìparí UNB, ìlà tó ṣí fáìlì, tí ẹ lè fi 1 sí, kí gbogbo èèyàn mọ̀ pé eré ni. Ẹ fi ọ́dà tó burú dán an wò: GTIN tí kò sí, déètì àná, ìlú tó ní ẹ níparí. Lẹ́yìn náà, kí ọ́dà gidi máa gba ọ̀nà méjèèjì pọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ti kọ̀ǹpútà àti ti ímeèlì àtijọ́, kí akọ̀wé máa fi ọ̀kan wé èkejì ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ má pa ti àtijọ́ kí ìńfọ́ìsì tó gba ibẹ̀ tí owó fi wọlé.

Ẹ̀yin tí owó tó ń wọlé fún yín lọ́dún bá pọ̀ gan-an, ẹ ti mọ̀ pé láti 2025 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń béèrè ìńfọ́ìsì orí kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá. UBL, ìlànà ìkọ̀wé ìńfọ́ìsì mìíràn, ni wọ́n gbé e kà, kì í ṣe EDIFACT. Ẹ má tìtorí ìyẹn kọ tábìlì mìíràn. Ẹ fi òpó kan kún èyí tó wà: nọ́mbà ọjà, ìwọ̀n, ipò owó orí, gbogbo rẹ̀ ló máa wúlò.

Ó ku sáàtífíkéètì. Èyí tí AS2 fi ń ti fáìlì pa ní ọjọ́ tó máa kú, ọjọ́ náà sì sábà máa ń bọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀ ọdún, nígbà tí gbogbo ọmọ kọ̀ǹpútà ti lọ sílé tí gbogbo sọ́ọ̀bù sì ń béèrè ọjà. Ẹ kọ déètì tiyín àti tiwọn sínú tábìlì yẹn kan náà, kí ẹ fi tuntun ṣọwọ́ sí wọn ní oṣù kan ṣáájú, kí ẹgbẹ́ méjèèjì yan ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n jọ máa pààrọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun láàárọ̀ ni mo máa ń mú.